Ohun tí ó gbé àgbà lọ sí ilé-ìwé: Johns Island, 1957

Níbi tí a bá ti ń kọ́ àgbà ní ìwé, tí èrò sì ń dín lójoojúmọ́, a sábà máa ń gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́. Ìtàn erékùṣù kan ní etí òkun Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀bi náà lè má jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ rárá.

Johns Island ni orúkọ erékùṣù náà, nítòsí Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Gullah ni èdè wọn. Lorenzo Dow Turner fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1949 pé orúkọ àti ọ̀rọ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn èdè Áfíríkà mìíràn. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti 1895 là á sílẹ̀ pé ẹni tí yóò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò gbọ́dọ̀ lè ka apá kan nínú ìwé òfin náà, kí ó sì kọ ọ́, àfi bí ó bá ní ohun ìní tí ó tó 300 dọ́là. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ àwọn tí a torí wọn ṣe é.

Esau Jenkins ní bọ́ọ̀sì tí ó fi ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí Charleston. Obìnrin kan, Alice Wine, sọ fún un pé òun fẹ́ dìbò, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀wé tó. Jenkins bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin náà sì há ìwé òfin náà sórí títí ó fi rí orúkọ rẹ̀ kọ sílẹ̀. Síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: àkọ́sórí kọ́ ni ó ń fẹ́, kíkà gan-an ni.

Ẹ̀kọ́ àgbà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ọmọdé ni a ń gbé fún wọn. Ta ni yóò ti oko dé tí yóò lọ máa ka ìtàn eré ọmọdé?

Jenkins gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Highlander, ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí Myles Horton dá sílẹ̀ ní Tennessee ní 1932. Septima Clark wà níbẹ̀, olùkọ́ tí ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní Charleston ní 1956 nítorí pé ó kọ̀ láti fi ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀. Bernice Robinson ni wọ́n yàn, ìbátan Clark, onídìrí àti aránṣọ tí kò ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. Kì í ṣe pé wọn kò rí olùkọ́ yàn: ẹni tí kò bá olùkọ́ tan ni wọ́n ń wá, kí ó má baà wo àgbà bí ọmọdé.

Ní oṣù kìíní 1957, ènìyàn 14 pàdé ní ẹ̀yìn ìsọ̀ tí ẹgbẹ́ wọn jọ dá sílẹ̀. Ọjà títà ni ó wà níwájú, kí àwọn aláwọ̀ funfun má baà fura. Robinson kó ìwé ọmọdé dání wá. Lójú ẹsẹ̀ ni ó pa wọ́n tì. Ó ní òun kì í ṣe tíṣà, àwọn yóò jọ kọ́ ni, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Ìbéèrè yìí kò náni ní nǹkan, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ti ní ìwé títẹ̀ lọ́wọ́ kì í sábà rántí bi í.

Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ara wọn. Wọ́n fẹ́ ka Bíbélì, àti lẹ́tà àwọn ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù tí a fi ń fi owó ránṣẹ́. Wọ́n sì fẹ́ ka ìwé òfin tí kò jẹ́ kí wọ́n dìbò. Ìwọ̀nyí ni ó di ẹ̀kọ́ wọn. Robinson kọ orúkọ olúkúlùkù sórí páálí, wọ́n sì ń tọ ipa rẹ̀ léraléra títí ó fi mọ́ wọn lọ́wọ́. Obìnrin ẹni ọdún 65 kan gba rúlà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ka sí orúkọ ara rẹ̀ láàárín orúkọ púpọ̀ lójú pátákó. Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ni Robinson lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ní kí ẹ̀kọ́ tó parí, òun fẹ́ kí gbogbo wọn lè kà á. Èdè inú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a gbé e kúrò.

Ẹ̀kọ́ náà tàn dé àwọn erékùṣù ìtòsí. Ní 1961, nígbà tí ìjọba Tennessee ti Highlander pa, ẹgbẹ́ Martin Luther King gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Georgia. Àgbẹ̀, onídìrí àti aránṣọ pọ̀ nínú wọn. Ní 1965 ni òfin orílẹ̀-èdè náà dá ìdánwò ìwé kíkà dúró fún àwọn tí ó fẹ́ dìbò ní South Carolina.