Ọgbà Ẹranko Afàyàfà: Ibi Ìwòran tàbí Ibi Ẹ̀kọ́? Àpẹẹrẹ Miami àti Madras

Ìfáàrà
Ní àwùjọ wa, bí ejò bá yọ lágbàlá, igi ni à ń sáré wá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò rí ejò rí àfi èyí tí a ti pa. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi máa ń kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọgbà tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà ló ń kọ́ni. Iṣẹ́ yìí yẹ ìtàn ọgbà méjì tó tan mọ́ra wò, láti fi wá ohun tó ya ibi ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ibi ìwòran lásán.

Ọgbà Ejò ní Miami
Ní ọdún 1947, Bill Haast dá ọgbà ejò sílẹ̀ ní Miami, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èrò a máa sanwó láti wò ó bí ó ti ń fi ọwọ́ lásán mú sèbé, tí ó sì ń fún oró rẹ̀ sínú ìgò. Ó ń fi oró náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Láti ọdún 1948 ni ó ti ń fi abẹ́rẹ́ gún oró díẹ̀díẹ̀ sí ara rẹ̀, débi pé wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi tọ́jú àwọn tí ejò bù ṣán. A kò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oníṣòwò lásán.

Síbẹ̀, ní ọdún 1977, ọmọkùnrin ọlọ́dún 6 kan já sínú kòtò ọ̀nì nínú ọgbà náà, ọ̀nì sì pa á. Haast yìnbọn pa ọ̀nì náà. Ọ̀nì kò ṣe ju ìṣe ọ̀nì lọ. Ọmọ àti ẹranko ló fi ẹ̀mí wọn dí ìwòran náà. Ọgbà ọ̀hún kógbá sílé ní ọdún 1984.

Ọgbà ní Madras
Romulus Whitaker, tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Haast ní àwọn ọdún 1960, gbé ìmọ̀ yìí lọ sí Íńdíà. Lẹ́yìn tó dá ọgbà ejò sílẹ̀ ní Madras, tí à ń pè ní Chennai lónìí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó ọ̀nì sílẹ̀ nítòsí ìlú náà ní ọdún 1976, kí ọ̀nì lè máa bí sí i, nítorí pé òwò awọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run wọ́n.

Òfin ààbò ẹranko ìgbẹ́ ọdún 1972 dí òwò awọ ejò lọ́wọ́, ó sì gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn Irula tí wọ́n ń fi ejò pípa ṣiṣẹ́ ṣe. Ní ọdún 1978, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú ejò láàyè, wọ́n ń fún oró rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe oògùn aporó, wọ́n sì ń dá a padà sínú igbó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, àlejò ń sanwó láti wò wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀
Ó hàn nínú ìtàn méjèèjì pé owó ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwòran fúnra rẹ̀ kọ́. Ní Miami, ìgboyà ènìyàn kan ni èrò wá wò. Ní Madras, àlejò lè rí i pé ejò tó ń jẹ eku oko ìrẹsì náà ni oró rẹ̀ ń di oògùn, àti pé ẹni tó ń pa á tẹ́lẹ̀ lè máa jẹun láìpa á.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọgbà kankan, ó yẹ kí ó béèrè ohun mẹ́ta: Kí ni wọ́n ń mú ẹranko náà ṣe? Ta ni ewu rẹ̀ yóò bá? Ibo ni owó náà ń lọ? Ọgbà tí kò bá rí ìdáhùn gidi fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi ìwòran lásán ni, kì í ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.