Máàkì, Bẹ́ẹ̀dì àti Ìpínlẹ̀ Abínibí: Ìtàn Ìdánwò Àbáwọlé sí Àwọn Ilé-Ìwé Bọ́dìn

Nínú ìtàn ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà, ó ṣọ̀wọ́n kí máàkì tí ọmọ gbà nínú ìdánwò àbáwọlé nìkan pinnu bóyá yóò wọ ilé-ìwé tí ó wù ú, pàápàá tí ilé-ìwé náà bá jẹ́ ti bọ́dìn, ìyẹn èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sùn, tí ó ti ń jẹun, tí kì í sì í padà sílé àfi nígbà ìsinmi. Ilé-ìwé tí ọmọ ń ti ilé lọ lè fún àga mọ́ àga, ṣùgbọ́n ilé-ìwé bọ́dìn kò lè gba ju iye bẹ́ẹ̀dì tí ó wà nínú yàrá ìsùn rẹ̀ lọ, iye bẹ́ẹ̀dì yìí ni ó sì ń sọ máàkì kan náà di èyí tí ó tó lọ́dún kan, tí ó tún ń sọ ọ́ di èyí tí kò tó lọ́dún kejì. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni ẹni tí máàkì rẹ̀ wà láàárín, tí kò burú, tí kò sì ta yọ, nítorí pé ẹni tí ó gba ipò kìíní yóò rí ilé-ìwé gbà á níbikíbi tí ó bá fẹ́, àmọ́ ti ẹni àárín wà lọ́wọ́ ohun tí kì í ṣe ti ìwé rárá.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Ajayi Crowther àti bàbá Herbert Macaulay, dá ilé-ìwé girama ti ìjọ CMS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tí ó sì wà nílẹ̀ nígbà náà ni ti ẹni tí ó lè san owó ilé-ìwé àti ti òbí tí yóò gbà kí ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí òwò tàbí oko. King's College tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1909 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 10, Queen's College ti àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1927 pẹ̀lú 20, Government College ti Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1929 pẹ̀lú 29. Nínú irú iye díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdánwò àbáwọlé kò tíì di ogun. Ohun tí ó sọ ọ́ di ogun ni pé ìjọba fi owó, olùkọ́ àti ohun èlò sí àwọn ilé-ìwé díẹ̀ wọ̀nyí ju bí ìjọ èyíkéyìí ti lè ṣe lọ, ó fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tí ó ta yọ kún un, ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sí òpin ọ̀nà náà, tí gbogbo òbí fi rí i pé ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ kì í wá iṣẹ́ tì.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń yan ọmọ ní ìgbà náà. Àkọ́kọ́ ni ìdánwò tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, tí ó dá lórí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Èkejì ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí àwọn òbí mọ̀ sí intáfíù, níbi tí ọmọ yóò ti dúró níwájú ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́ tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òyìnbó. Intáfíù yìí ni ó máa ń gba ọmọ tí máàkì rẹ̀ wà láàárín là, tàbí kí ó gbé e ṣubú pátápátá. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá lórí ìwé lè rí ojú rere bí ó bá dáhùn pẹ̀lú ìgboyà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé rí lè fi máàkì tí ó dára jókòó kí ó sì di odi. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ọmọ tíṣà àti ọmọ akọ̀wé ni irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣe láǹfààní jù. Ní àwọn ilé-ìwé ìjọ, ìwé ìrìbọmi àti ọ̀rọ̀ ẹnu àlùfáà náà ní ìwọ̀n tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n jẹ́ ara máàkì. Ẹni tí kò bá sì wọ ilé-ìwé ìjọba ní ìgbà àkọ́kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé girama ìlú rẹ̀ kí ó tó lọ: Wole Soyinka wà ní Abẹ́òkúta Grammar School, lábẹ́ Àlùfáà Ransome-Kuti tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, kí ó tó lọ sí Government College ti Ìbàdàn ní 1946.

Àyípadà tí ó tóbi jù lọ kò ti inú ilé-ìwé girama wá, inú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ti wá. Ní oṣù Kìíní, 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, èyí tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Stephen Awókòyà, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Mólúsì College ní Ìjẹ̀bú-Igbó rí, ti ṣe ìlànà rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Láti wọ irú ilé-ìwé yìí, ọwọ́ ọmọ ni ìdánwò rẹ̀: bí ó bá lè na ọwọ́ gba orí kọjá kí ó sì fi kan etí òdìkejì, ó ti tó ẹni tí ń lọ sí ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ máàkì kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í parí, wọ́n bá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé girama ní tínrín bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé a kò lè kọ́ yàrá ìsùn ní kíá bí a ṣe ń kọ́ kíláàsì onípákó.

Ìjọba Ẹkùn ti rí èyí tẹ́lẹ̀, ó sì dá ilé-ìwé mọ́dà sílẹ̀ ní 1955 kan náà, ìyẹn ilé-ìwé ọlọ́dún mẹ́ta fún àwọn tí kò rí àyè ní girama. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, mọ́dà ni ibi tí ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò tó ń lọ, ìwò yìí kò sì tọ́ tán. Láti mọ́dà ni ọ̀pọ̀ ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, àwọn mìíràn sì tún ìdánwò girama kọ láti ibẹ̀, tí wọ́n sì wọlé nígbà tí ọjọ́ orí ti sọ wọ́n di àgbà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọmọ tí ó dàgbà ju kíláàsì rẹ̀ lọ, tí ó ń fá irùngbọ̀n ní fọ́ọ̀mù kejì, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ṣe ẹ̀sín ní àsìkò yẹn.

Nígbà tí ilé-ìwé àti olùdíje pọ̀ tán, ó di dandan kí a ní ìdánwò kan tí gbogbo ọmọ yóò jọ kọ, dípò kí òbí máa ra fọ́ọ̀mù kiri láti ilé-ìwé kan dé òmíràn. Èyí ni kọ́mọ̀n ẹ́ńtíránsì, tí ó bá orúkọ ìdánwò tí àwọn ilé-ìwé bọ́dìn àwọn ọlọ́rọ̀ ní England ti ń lò láti 1904 mu. Àjọ WAEC tí a dá sílẹ̀ ní 1952 ni ó ṣe é fún ọdún púpọ̀, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn àjọ mìíràn títí ó fi kan NECO, tí a dá sílẹ̀ ní 1999. Yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, ó ní apá tí ń dán làákàyè wò, níbi tí ọmọ yóò ti wá nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé èyí tí ó wà nílẹ̀. Apá yìí ni a sọ pé kò ní ẹ̀kọ́ tí a lè kọ́ sílẹ̀ dè é, ṣùgbọ́n òwò àwọn tíṣà ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fi hàn pé ó ní.

Ní 1966 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ilé-ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àwọn tí a ń pè ní ilé-ìwé ìṣọ̀kan, ní Sókótó, Warri àti Okposi, ti Okposi sì padà di ti Enugu lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970, lára wọn ni ti Òdogbolú àti ti Ìlọrin, a sì ka King's College àti Queen's College mọ́ wọn. Èrò tí ó wà nídìí wọn ni pé kí ọmọ Hausa, ọmọ Igbo, ọmọ Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà tó kù jọ sùn nínú yàrá kan náà fún ọdún púpọ̀, kí wọ́n sì jáde ní ọ̀rẹ́. Bí máàkì nìkan bá ni a fi ń yan ọmọ, ìpínlẹ̀ díẹ̀ ni yóò kó gbogbo bẹ́ẹ̀dì, ìṣọ̀kan náà yóò sì di òfo. Nítorí náà ni a ṣe lo kọ́tà, ìyẹn pípín àyè fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀, àyè ni a kọ́kọ́ ń pín, lẹ́yìn náà ni a ó to àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tí àyè bá tán sí ni a ń pè ní máàkì àbáwọlé.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí hàn gbangba nínú àtẹ máàkì ti 2013, tí àwọn ìwé ìròyìn gbé káàkiri. Ọmọ Anambra gbọ́dọ̀ gba 139, ọmọ Èkó 133, ọmọ Ògùn 131, ọmọ Ọ̀yọ́ 127; ọmọkùnrin Yobe kò nílò ju 2 lọ, ọmọbìnrin ibẹ̀ sì nílò 27. Ìyàtọ̀ àárín Àríwá àti Gúúsù ni gbogbo ènìyàn fi ariwo ta, ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí olùkàwé Yorùbá wò ni pé Oǹdó gba 126 nígbà tí Èkìtì gba 119. Àárín Àkúrẹ́ àti Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà, inú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà sì ni ìlú méjèèjì wà títí di oṣù Kẹwàá, 1996, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó gba 120 wọlé ní ọdún náà, ọmọ Àkúrẹ́ tí ó gba 125 sì jókòó sílé. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Èkìtì kò mọ ìwé.

Agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba gbé ìlànà yìí lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Èkó, ilé-ẹjọ́ náà sì dájọ́ ní 2014 pé fífi ìpínlẹ̀ abínibí ya máàkì ọmọ sọ́tọ̀ lòdì sí apá òfin orílẹ̀-èdè tí ó kọ ìyàsọ́tọ̀. Ìdájọ́ náà ní ìdí tí ó lágbára, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè ti 1966 sílẹ̀ láìdáhùn, nítorí pé ilé-ìwé tí a kọ́ nítorí kí ẹ̀yà gbogbo lè jọ gbé kò lè yẹra fún bíbéèrè ibi tí ọmọ ti wá. Ní ti ọmọ tí ó wà láàárín, ọ̀nà tí ó sábà máa ń ṣí fún un ni ti yíyàn kejì tí ó kọ sínú fọ́ọ̀mù: bí King's College tàbí Queen's College bá ti kún, a lè gbé e lọ sí ilé-ìwé ìṣọ̀kan mìíràn tí bẹ́ẹ̀dì ṣì kù níbẹ̀, nígbà mìíràn ní ìpínlẹ̀ tí òbí rẹ̀ kò dé rí.