Ilé-Ọtí àti Ìgbésí-Ayé Àwùjọ ní Ilẹ̀ Áílándì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ilé-ọtí àwọn ará Áílándì mu. Àjèjì tí ó bá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ yóò rí bíà dúdú, yóò gbọ́ ohùn fèrè àti gòjé, yóò sì rò pé ìfẹ́ ọtí nìkan ni ó ti ń kó àwọn ènìyàn jọ síbẹ̀ láti ayébáyé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé òfin, òṣì àti àìsí ibòmíràn tí ará ìlú lè péjọ sí wà lára ohun tí ó sọ ilé-ọtí di ojúde ìlú. Àti pé kì í ṣe gbogbo ará ìlú ni ojúde náà gbà láàyè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìgbèríko ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, onílé-ọtí kan náà ni ó ń ta tíì, ṣúgà, ìṣó àti irúgbìn. Àwìn ni àgbẹ̀ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi rí màlúù tà. Bí ẹnìkan bá kú, òun náà ni ó sábà ń pèsè pósí. Òfin ọdún 1846 lórí ìwádìí ikú òjijì tilẹ̀ fàyè gbà á pé kí a gbé òkú lọ sí ilé-ọtí tí ó bá wà nítòsí; yàrá abẹ́-ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àgbá bíà sí a sì máa tutù ju ibòmíràn lọ. Ọdún 1962 ni a tó yí ètò yìí padà. Òfin ọdún 1902 ní tirẹ̀ dènà ìwé-àṣẹ tuntun, débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí ilé-ọtí ní láti wá ìwé-àṣẹ àtijọ́ rà. Báyìí ni orúkọ ìdílé tí a kọ sókè ilẹ̀kùn ṣe di ohun àjogúnbá.

Ní ìlú Dublin, ọ̀rọ̀ náà ní ojú mìíràn. Nínú ilé-ọtí ni àwọn agbaṣẹ́ṣe èbúté ti ń san owó iṣẹ́ fún àwọn tí ń já ẹrù ọkọ̀. Ẹni tí kò bá mu, kò dájú pé yóò rí iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ìyàwó ń retí owó oúnjẹ nílé, owó náà sì ti parí sí orí káńtà. James Larkin, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1909, gbógun ti àṣà yìí gidigidi. Ṣáájú rẹ̀, láti ọdún 1838, Theobald Mathew, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní ìlú Cork, ti mú kí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Ní ti àwọn obìnrin, yàrá kótópó tí a fi pákó pín sọ́tọ̀ lẹ́bàá káńtà ni wọ́n ń jókòó sí, kí ojú má baà rí wọn. Àwọn onílé-ọtí kan ṣì ń kọ̀ láti bu ife ńlá bíà fún obìnrin ní àwọn ọdún 1970; òfin ọdún 2000 sì ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Orin ńkọ́? Inú ilé àti oríta ni àwọn ará oko ti sábà ń jó tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 1935 ní kí a máa gba ìwé-àṣẹ fún ijó ìta gbangba. Àwọn àlùfáà àti ọlọ́pàá sì fi í tú agbo ijó inú ilé ká. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní London. Yàrá tí wọ́n háyà kò gba ariwo, nítorí náà wọ́n gbé fèrè àti gòjé lọ sí àwọn ilé-ọtí Camden Town. Àṣà tí ó gbilẹ̀ ní àjò yìí ni ó padà wálé: ní nǹkan bí ọdún 1962, inú ilé-ọtí O'Donoghue's ní Dublin ni ẹgbẹ́ olórin The Dubliners ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún 2005 sí 2021, ilé-ọtí tí ó lé ní 1,500 ni ó kógbá wọlé. Ó yẹ kí òfin le mọ́ ẹni tí ó mutí tí ó tún ń wa ọkọ̀. Kò sí òpìtàn tí yóò sunkún nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ arúgbó tí ń dá gbé, níbo ni yóò ti rí ẹni tí yóò béèrè àlàáfíà rẹ̀? Bí a bá ti ojúde kan pa láìkọ́ òmíràn, ìdánìkanwà ni yóò jogún àyè rẹ̀.