Àgọ́ Mẹkáníìkì: Láti Etí Ọ̀nà Dé Inú Ọgbà ní Naivasha

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tí iṣẹ́ gbé dé Nairobi, fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nínú àkọ́kọ́, àgọ́ ńláńlá tò lọ bí ọjà tuntun: kọ̀ǹténà, jẹnẹrétọ̀, àsíá, ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè, àwọn èèyàn tó wọ aṣọ kan náà bí ẹbí tó ń lọ òde. Nínú ìkejì, ilẹ̀ gbalasa. Koríko tó ti tẹ̀, ipa táyà, ọkùnrin kan tó ń ṣa ike omi. Ibì kan náà ni o. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Prọ́ọ̀fù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló wà láàárín àwòrán méjèèjì yìí. Service park ni wọ́n ń pè é níbí. Kí la lè máa pè é ní Yorùbá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Èèyàn á fẹ̀yìn tì tán, wọn ò ní yéé fún un níṣẹ́ àṣetiléwá. Àmọ́ bí mo ṣe ń ronú sí i, mo rí i pé n ò lè sọ orúkọ nǹkan náà láìsọ bó ṣe dé ibẹ̀, torí pé nígbà tí ìdíje Safari bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọdún 1953 ni wọ́n dá ìdíje ọkọ̀ yìí sílẹ̀, láti fi ṣàjọyọ̀ ìgbadé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. East African Coronation Safari ni wọ́n sọ ọ́, ó sì la Kẹ́ńyà, Uganda àti Tanganyika kọjá. Ní 1960 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìgbadé kúrò lára orúkọ náà. Safari fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ Swahili ni, ìrìn-àjò ló túmọ̀ sí, láti ara *safar* ti èdè Lárúbáwá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wíwo kìnnìún ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìrìn-àjò náà sì ni lóòótọ́. Nígbà tó fẹjú dáadáa, ó máa ń tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì, màlúù àti àwọn tó ń re ọjà ń gbà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí wọn kì í ti ọ̀nà. Àsìkò Àjíǹde ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ìyẹn ìgbà tí òjò ń rọ̀. Eruku láàárọ̀, ẹrẹ̀ lọ́sàn-án. Ní 1963, ọkọ̀ méje péré ló parí ìdíje náà. Ní 1968, méje náà ni. Àwọn ará Kẹ́ńyà tó ti dàgbà ṣì máa ń ka orúkọ àwọn méje-méje yìí bí ẹni ń ka oríkì.

Níbo wá ni mẹkáníìkì ń dúró sí? Etí ọ̀nà ni. Wọ́n á kó jáàkì, táyà, sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti jálá epo sínú ọkọ̀ kan, wọ́n á ti ta tapólì sílẹ̀ lẹ́bàá ìlú kékeré kan kí awakọ̀ tó dé. Bó bá dé, wọ́n á wọ abẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó dá àkókò ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe: awakọ̀ ní wákàtí tó gbọ́dọ̀ dé ibi àyẹ̀wò tó kàn, ìṣẹ́jú tó bá lò lábẹ́ sípánà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi dí i lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú tó bá fi pẹ́ ni wọ́n á kà sí i lọ́rùn. Bí ọkọ̀ ti ń lọ tán, wọ́n á ká tapólì, wọ́n á gba ọ̀nà àbùjá sáré síwájú rẹ̀, wọ́n á tún tẹ́ ẹ síbòmíràn. Tẹ́ ẹ, ká a, tẹ́ ẹ, ká a, tọ̀sán-tòru. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ níbi tí mẹkáníìkì ò sí, àwọn ará abúlé ló máa ń tì í jáde, wọ́n á sì gba owó iṣẹ́ wọn.

Àwọn ará Kẹ́ńyà ní ọ̀rọ̀ méjì tí mo fẹ́ràn gidigidi. *Fundi* ni oníṣẹ́-ọwọ́, mẹkáníìkì wà nínú rẹ̀, télọ̀ wà nínú rẹ̀, bíríkìlà náà wà níbẹ̀. *Jua kali*, tó túmọ̀ sí oòrùn tó mú ganrínganrín, ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níta láìní òrùlé lórí. Ẹ wo bí èdè ṣe ń ṣe: dípò kí wọ́n sọ ohun tí ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó ń jìyà rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Safari ayé àtijọ́, jua kali ni gbogbo rẹ̀, títí kan ti àwọn tó wá láti Yúróòpù.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ irin fi lè na ẹni tó lówó. Joginder Singh, ọmọ Sikh ti Kẹ́ńyà, inú gáréèjì ló ti kọ́ṣẹ́. Ní 1965, òun àti Jaswant àbúrò rẹ̀ gbé ife náà pẹ̀lú Volvo PV544, ọkọ̀ tí àwọn mìíràn ti lò ṣáájú wọn. Tòkúnbọ̀, ká kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó tún gbà á pẹ̀lú Mitsubishi ní 1974 àti 1976. Shekhar Mehta, tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní Uganda nígbà Idi Amin, gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún: ní 1973, lẹ́yìn náà láti 1979 dé 1982 láìdúró. Kò sí ẹlòmíràn tó tíì gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ Pijó láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, tí wọ́n há yín mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn pátápátá, ẹ mọ 504. Ọdún 1975 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Kàdúná, ọdún náà ni Ove Andersson fi 504 gba Safari. Àwọn 404 tó ṣáájú rẹ̀ ti gbà á ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Torí náà nígbà tí dírẹ́bà ìgbà yẹn bá ní Pijó ò kì í ṣe ẹgbẹ́ ọkọ̀ kọ́ọ̀kọ̀ọ́, kì í ṣe ẹnu lásán.

Owó ló ba ètò etí ọ̀nà jẹ́. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò fi mọ sí ọkọ̀ ilẹ̀ mọ́. Hẹlikọ́pítà ń fò lórí awakọ̀ wọn, mẹkáníìkì àti ohun èlò wà nínú rẹ̀. Bàálù kékeré ń yí lókè láti máa gba ọ̀rọ̀ rédíò láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Ibi tí ọkọ̀ bá ti kọṣẹ́, ibẹ̀ ni gáréèjì yóò sọ̀ kalẹ̀ sí. Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọkọ̀ ìtọ́jú pàápàá ń sá eré àsápajúdé lójú ọ̀nà gbogbo èèyàn kí wọ́n lè ṣáájú. Lẹ́yìn Mehta ní 1982, Ian Duncan ní 1994 nìkan ni ọmọ Kẹ́ńyà tó gba Safari nígbà tó jẹ́ ara ìdíje àgbáyé.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé òfin tuntun ló pa Safari, n ò bá wọn fohùn ṣọ̀kan tán. Ìdíje àgbáyé ti kó mẹkáníìkì kúrò ní etí ọ̀nà, ó fi ọgbà yí wọn ká. Safari kúrò nínú ìdíje náà lẹ́yìn 2002. Wọ́n fẹ́ dá a padà ní 2020, àrùn Kòrónà dí wọn lọ́wọ́, ó di 2021. Ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ẹranko ìgbẹ́ ní Naivasha ni wọ́n pàgọ́ sí, ibi tí àwòrán ọmọ mi ti wá.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyí. Ojú omi ni ẹrù ń gbà dé Mombasa, kó tó wọ àárín ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kì í yára, nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń ní ju ìdì ẹrù kan lọ: bí ọ̀kan ṣe ń bọ̀ láti ìlú kan, òmíràn ti wà lójú omi. Wọ́n á pín ilẹ̀ fún oníkálukú, kọ̀ǹténà á dúró bí ògiri, àgọ́ á ti ara rẹ̀ yọ, iná àti afẹ́fẹ́ ìfọntáyà á tẹ̀lé e. Lábẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́ ohun tí ọ́ìlì ò lè là kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn mẹkáníìkì fílèjì wa, tí ilẹ̀ wọn ti dúdú kanlẹ̀ títí koríko ò fi hù mọ́, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi tún gbólóhùn yẹn kà lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ọgbà yìí, aago ni ọba. Ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, ìṣẹ́jú 45 nírọ̀lẹ́, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá jáde pẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún àkókò rẹ̀. Iye mẹkáníìkì tó lè fọwọ́ kan ọkọ̀ níye, epo pẹtiróòlù sì ní ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti jáde, kò sí hẹlikọ́pítà tó lè gbà á. Awakọ̀ àti ẹni tó ń ka ọ̀nà fún un nìkan ló lè tún un ṣe, pẹ̀lú ohun èlò tó bá wà nínú ọkọ̀. Níbi yẹn ni mo ti rí Joginder Singh padà. Mehta náà, tó fi mẹkáníìkì etí ọ̀nà gba ife márùn-ún, padà wá di ọ̀gá ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ìdíje irú èyí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ń fọ́n ọtí níwájú, wọ́n ti ń tú okùn lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ nílò ní ibi tó kàn ni wọ́n ń kó wọlé gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ tó ń fi kánópì yá wa fún òwàǹbẹ̀ mọ ìṣirò yìí dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ. Ọmọ mi dá *ibùdó ìtọ́jú ọkọ̀* lábàá. N ò fẹ́ ibùdó. Ibi téèyàn bá bùdó sí, ó máa ń di ilé. Ìbàdàn, ibùdó ogun ni ní nǹkan bí 1829, ẹ wò ó lónìí. Mo fara mọ́ *àgọ́*. Kí n tó fi ránṣẹ́ ni mo rántí pé Ọ̀yọ́ òde òní, Àgọ́-Ọ̀jà ni kí Aláàfin Àtìbà tó kó débẹ̀, Àgọ́-Ìwòyè náà kò sì tíì ká kúrò níbi tó wà. Ó ku àtíbàbà, tí kò sí ẹni tí í fi í jẹ orúkọ ìlú. Ṣùgbọ́n àtíbàbà tó gba jẹnẹrétọ̀ àti kọ̀ǹténà, ṣé àtíbàbà ṣì ni?

Mo fi *àgọ́ mẹkáníìkì* ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú gbogbo àlàyé yìí. Ó ní òun dúpẹ́, pé ọkùnrin tó ń ṣa ike nínú àwòrán kejì sọ fún òun pé *kambi* ni òun ń pè é, àti pé lọ́dún tó ń bọ̀, ìdí igi kan náà ni òun máa dúró sí.