Fòníkú-fọ̀ladìde: ìtàn àìsàn kan, àgbo rẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti ogun. Ìtàn àìsàn kan ni, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa.

Àwọn dókítà tó kàwé lédè Faransé ń pè é ní drépanocytose. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fi awò wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto á ti tẹ̀ bíi dòjé. Ẹ̀jẹ̀ ni òyìnbó wò kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ ni Yorùbá wò. Ó rí ọmọ tó ń ké “egungun mi o” ní alẹ́ òní, tí gbogbo ilé ti sọ̀rètí nù, tó sì tún jókòó lọ́la tó ń bèèrè ẹ̀kọ. Ó pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, torí inú rẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ mi wà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì CM2 tí mò ń kọ́. Ó mọ ìṣirò ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, kò sí oṣù tí kì í pa iléèwé jẹ. Ìyá rẹ̀ ń fún un ní àwọn oògùn wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ fún un nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ ọjà kan, obìnrin kan sọ fún un pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun mu àgbo inú ìgò kan, láti ìgbà náà kò ṣàìsàn mọ́. Ìyá náà ra ìgò mẹ́ta. Olùtà ní a kì í pa á pọ̀ mọ́ oògùn òyìnbó, nítorí náà ó dá oògùn wẹ́wẹ́ dúró. Oṣù méjì àkọ́kọ́ dára. Ní oṣù kẹta, ibà gbé ọmọ náà lóru. Kí wọ́n tó fi zémìjàn gbé e dé ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ti funfun. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, Ọlọ́run sì dá a sí, ṣùgbọ́n ìdánwò CEP ọdún yẹn kò bá a nílé.

N kò dá ìyá náà lẹ́bi. Obìnrin tó sọ fún un náà kò purọ́, ohun tó fojú rí ló sọ. Ìbéèrè tó wá gbà mí lọ́kàn nìyí: báwo ni òótọ́ tí ẹnì kan fi inú rere sọ ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ẹlòmíràn? Ìtàn àìsàn yìí fúnra rẹ̀ ló dá mi lóhùn.

Kí ilé ìwòsàn tó dé, àbíkú ni a ń pe ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn orúkọ tó kù sí wa lọ́wọ́: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrósinmí, Bánjókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló ní àìsàn yìí, torí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó wà lára wọn. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, ọmọ kan ń dàgbà, èkejì ń lọ. Lónìí a mọ ohun tó fà á. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ C náà wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá sì jẹ́ SC ń ṣe irú àìsàn yìí pẹ̀lú.

Ní 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé òun rí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú kan láti erékùṣù Grenada. Walter Clement Noel lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ dókítà eyín ló wá kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àbùkù wà lára rẹ̀. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ẹni tó jẹ́ AS ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà. Ìdí nìyí tí àìsàn náà fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, bíi tiwa níbí. Ní 1984, àwọn onímọ̀ pín ẹ̀jẹ̀ S tó wà ní Áfíríkà sí ẹ̀yà, wọ́n sì fi orúkọ Benin pe ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀yà Benin yìí náà ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 kò pín ẹ̀jẹ̀ wa sí méjì.

Kò pín egbòogi wa náà. Gbogbo wa mọ orín àtà, orín tó máa ń ta lẹ́nu bí ata, tí ahọ́n á sì kú fún ìgbà díẹ̀. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ ń yẹ orín wò, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń pa kòkòrò ẹnu. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò kò yí àwọ̀ padà níbi tí omi gbòǹgbò orín àtà bá kàn. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò náà ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí roboto. Ṣùgbọ́n inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí èyí, ara ọmọ kì í sì í ṣe ìgò. Iṣẹ́ ṣì kù. Ní Burkina Faso, àwọn onímọ̀ pa orín àtà pọ̀ mọ́ bọ́mubọ́mu, wọ́n sì fi ṣe oògùn tí wọ́n ń pè ní FACA fún àìsàn yìí.

Ìtàn kejì ló wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Àlùfáà kan, P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá ní Nàìjíríà, ní àgbo kan tí ìdílé rẹ̀ fi ń tọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìyá ọlọ́jà kankan ní Massè: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ló ń fi tiwọn pamọ́. Òun gbà láti fi èyí han ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba Nàìjíríà, NIPRD, ní Àbújá, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Lẹ́nu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Bí kò bá sí ẹ̀rí àwọn aláìsàn tó ti mu ún nílé Ogunyale, kò sí onímọ̀ tí ì bá da ìyèré àti kànáfùrù pọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò wá sọ pé, “Àwọn èèyàn ti jẹ́rìí, ó tó.” Wọ́n kó aláìsàn 82 jọ. Àwọn kan kọ́kọ́ mu egbòogi náà, àwọn tó kù mu èyí tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní egbòogi nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tó ń mu, dókítà tó ń wò ó náà kò mọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀. Wọ́n wá ka iye ìgbà tí ìrora dé sí oníkálukú. Ní 2001 wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde: ìrora dínkù ní àkókò tí wọ́n ń mu egbòogi tòótọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe gbogbo wàhálà yẹn? Ẹ padà sí orúkọ tí Yorùbá fún àìsàn náà: fọ̀ladìde. Ìrora náà máa ń dé, ó máa ń wà fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta lè kọjá kó tó padà. Ìgbà wo la sì máa ń sáré wá oògùn tuntun? Ìgbà tí ìrora bá le jù ni. Ìgbà yẹn gan-an ló sì kù díẹ̀ kó lọ. Ohunkóhun tí ọmọ bá mu lálẹ́ ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ omi lásán, òun ni yóò gba ọpẹ́ ní òwúrọ̀. Ohun tó tún burú jù ni pé ìyá tí oògùn ṣiṣẹ́ fún ń sọ ọ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ kì í wá sọ̀rọ̀. Òkú kì í jẹ́rìí. Bí a bá gbọ́ ẹ̀rí mẹ́wàá tó dára, a kò mọ mélòó ló dákẹ́. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kà wọ́n, àti àwọn tó sọ̀rọ̀ àti àwọn tó dákẹ́.

Ó dùn mí pé ìtàn Niprisan kò parí síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti máa ṣe é, wọ́n sì sọ ọ́ ní Nicosan. Ní 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣí i síta ní Àbújá. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó sì kógbá sílé. Àwọn tó ń mu ún wá a títí. Àyẹ̀wò kan tó dára kò tíì tó láti fi parí ọ̀rọ̀ oògùn, àwọn mìíràn tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò sì tètè wá. Ohun tó gba ipò rẹ̀ ní àwọn ìgboro wa ni ìgò tí kò ní àkọlé, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò rí.

Ní ọ̀nà kejì, ẹ jẹ́ ká wo àwọn oògùn wẹ́wẹ́ tí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi dá dúró. Wọ́n ka àwọn náà. Ní 1986 ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò kan lára àwọn ọmọ kéékèèké fi hàn pé pẹnisílíìnì tí ọmọ ń mu lójoojúmọ́ ń dá àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ọmọ SS lójijì dúró gidigidi, débi pé wọ́n dá àyẹ̀wò náà dúró ṣáájú àkókò kí gbogbo ọmọ lè rí i mu. Ní 1995, àyẹ̀wò míì fi hàn pé hydroxyurea, tó jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ tẹ́lẹ̀, ń mú ìrora dínkù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì lára àwọn àgbàlagbà. Ní 2019, wọ́n tẹ àbọ̀ ti àwọn ọmọ ní Àǹgólà, Kóńgò Kinshasa, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà jáde: ìrora dínkù, ibà dínkù, ikú náà dínkù. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ẹ̀rí kan sì wà tó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kútọnu, láti 1993 títí dé 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chérif Rahimy àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé ọmọ 236 tí àìsàn náà le lára wọn. Wọn kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá. Wọ́n kọ́ àwọn òbí nípa àìsàn náà, wọ́n tún oúnjẹ àwọn ọmọ ṣe, wọ́n dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ibà àti kòkòrò àrùn. Ìpọ́njú àwọn ọmọ náà dínkù púpọ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003. Àwọn ìyá ni ọwọ́ àti ojú iṣẹ́ yẹn.

Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí ẹ má sọ ohun tí ojú yín rí. Ẹnu àwọn aláìsàn ni Niprisan ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá ní àgbo kan ṣiṣẹ́, ẹ sọ iye oṣù tí ẹ ti ń lò ó, iye ìgbà tí ìrora dé lọ́dún tó ṣáájú àti lọ́dún yìí, oògùn mìíràn tí ọmọ ń mu pẹ̀lú rẹ̀, àti àwọn tí ẹ mọ̀ pé ó kùnà fún. Ìwé kékeré kan àti bíírò tó fún èyí. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lo àgbo, bó tilẹ̀ máa bínú. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ dá oògùn ilé ìwòsàn dúró kí tirẹ̀ tó ṣiṣẹ́, ẹ bi í pé: bí ibà bá dé lóru, ta ni yóò wá gbé ọmọ náà?

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ tún CEP ṣe lọ́dún kejì, ó sì yege. Ìyá rẹ̀ ní kàyé kan báyìí, tó ń kọ ọjọ́ tí ìrora bá dé sí. Ọjọ́ tó fi hàn mí, mo ka ojú ewé mẹ́rin. Inú mi dùn, torí nínú kàyé yẹn, ọjọ́ tí oògùn kò ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ẹ sọ tiyín fún wa, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ tán.