Ta ló ni wákàtí rẹ? Ọ̀wẹ̀, àáró àti ìwọ̀fà

 

Ọ̀rọ̀ tòní ni "flexible". Ó ti pọ̀ jù nínú ìkéde iṣẹ́ báyìí, ó sì ń dún bí ohun tuntun. Ṣùgbọ́n láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, àwọn baba ńlá wa ti ń ṣètò àkókò iṣẹ́ kí aago tó dé. Oòrùn ni wọ́n ń wò: òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán, ọjọ́rọ̀. Agogo fúnra rẹ̀, irin tí wọ́n ń lù ni. Ìdí nìyẹn tí a ṣì fi ń sọ pé "aago mẹ́jọ ti lù."

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń wá ọwọ́ kún ọwọ́. Ọ̀wẹ̀: o pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna wá kọ́lé tàbí ro oko, o sì fún wọn lóúnjẹ. Àáró: ẹgbẹ́ ń yí ká, oko mi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, iye ọjọ́ tí o gbà ni wàá san. Ìwọ̀fà: o yá owó, iṣẹ́ rẹ sì ni èlé rẹ̀ títí wàá fi san owó náà tán. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: tó bá ti ṣe tán lóko olówó, ó ń lọ sí oko tirẹ̀.

Ẹ wá wo tiwa. Nọ́ọ̀sì tó wà ní night ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó mọ ìgbà tí yóò kílósì. Ṣùgbọ́n ọmọ FUOYE tó ń bá oníbàárà Èkó ṣe fídíò láti Ọ̀yẹ́ ńkọ́? Aago mọ́kànlá òru, WhatsApp dún: "Jọ̀ọ́, bá mi tún èyí ṣe." Flexible nìyẹn náà? Labour Act ilẹ̀ wa ní kí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ fohùn ṣọ̀kan lórí wákàtí, kí òṣìṣẹ́ sì sinmi ọjọ́ 1 nínú 7.

Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ń gba àkókò rẹ láìdá nǹkan padà kì í ṣe àáró. Èyí tí kò sì fi wákàtí kankan sílẹ̀ fún ọ, ìwọ̀fà gan-an sàn jù ú lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè: wákàtí wo ló jẹ́ tèmi?

Kí ni wọ́n ń pe àáró nílùú tiyín? Ẹ fi voice note ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.