Gẹ̀gẹ̀, iṣẹ́ abẹ, àti oògùn tó ń tẹ̀lé e

Nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Ẹ̀yin àgbà á rántí àwọn obìnrin tó máa ń fi ìborùn bo gẹ̀gẹ̀ lọ́jà. Àìtó áyódínì nínú oúnjẹ wà lára ohun tó ń fà á. Láti 1993 ni a ti ń fi áyódínì sínú iyọ̀ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í mú gẹ̀gẹ̀ tó ti tóbi wọlẹ̀. Ẹlòmíràn á ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ abẹ yìí ń pa èèyàn. Nígbà tí Dókítà Theodor Kocher bẹ̀rẹ̀ ní Bern, ní Switzerland, bí 13 ló ń kú nínú 100. Nígbà tó yá, kò tó ẹyọ kan mọ́. Ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn yọjú. Ní 1874, ó yọ gbogbo táírọ́ìdì ọmọbìnrin kan. Ọgbẹ́ jinná dáadáa. Nígbà tó tún rí ọmọ náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ojú rẹ̀ ti wú, kò ga mọ́, ọpọlọ rẹ̀ ń falẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti ga jù ú lọ. Kocher kò fi bò. Ó kéde rẹ̀ fún àwọn dókítà yòókù ní 1883. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ pé táírọ́ìdì ní iṣẹ́ tó ń ṣe lára.

Ní 1891, Dókítà George Murray ní Newcastle, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi omi inú táírọ́ìdì àgùntàn tọ́jú obìnrin kan tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Obìnrin náà lo oògùn yìí títí tó fi kú ní 1919: ọdún 28 gbáko. Oògùn oníhóró tí a ń lò lónìí ló rọ́pò ti àgùntàn.

Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe àjèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 1907 tí Dókítà George Green ti dé ni iṣẹ́ ìwòsàn Baptist ti wà níbí, òun ló di Bowen Teaching Hospital. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé tí ọgbẹ́ bá ti jinná, a ó ní ara ti yá, a ó sì pa oògùn tì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òtútù, oorun, sísanra, àìlèyàgbẹ́ àti ìgbàgbé á dé. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Rárá o, oògùn ló tán lára.

Nítorí náà:

✅ Bi dókítà léèrè: ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ ó yọ, àbí apá kan? Tó bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, oògùn ojoojúmọ́ ni, títí ayé.

✅ Fi omi lásán lo ó láàárọ̀, kí o tó jẹun. Má fi tíì tàbí mílíìkì lò ó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti calcium gbọ́dọ̀ fi wákàtí mẹ́rin jìnnà sí i.

✅ Tí o bá lóyún, má dá a dúró. Tètè lọ rí dókítà, wọ́n lè fi kún un.

✅ Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohùn lè há. Tó bá ń ṣe ọ́ bíi pé èèrà ń rìn ní ẹnu àti ìka, tàbí iṣan ń fà, sọ fún wọn lọ́jọ́ náà. Tí ọrùn bá wú lójijì tí èémí ò já gaara, ilé ìwòsàn ní kíá!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní àpá iṣẹ́ abẹ lọ́rùn. Ẹ bi í bóyá ó ṣì ń lo oògùn rẹ̀.